Ìwé Tí Í Ṣáájú Ẹni Dé Ẹnu Ọ̀nà: Ìtàn Àwọn Ọmọ Ogun Amẹ́ríkà Tí A Lé Láìlọ́lá

Ìfáárà



Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, a rí i pé Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó bá lọ sójú ogun ní láti padà wálé pẹ̀lú ìṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni a ó gbé wálé. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ẹ̀sín ológun wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí pé iyì ni ológun fi ẹ̀mí rẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti àwọn tí ogun ṣẹ́. Ìtàn àwọn ológun tí a fi ẹ̀sín lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni, tí wọ́n sì ní láti gbé ẹ̀sín náà rù títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Báwo ni irú wọn ṣe ń jẹ, tí wọ́n ń mu? Iṣẹ́ wo ni wọ́n rí ṣe? Kí ni wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba tí ó lé wọn?

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló pa olùkọ́ lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́jà. Èsì mi ni pé ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ni ó mú ìyà yìí wá. Lọ́dọ̀ tiwa, oríkì ni í ṣáájú ènìyàn wọlé. Kí a tó rí ojú àlejò, a ti gbọ́ ọmọ ẹni tí í ṣe àti ohun tí àwọn baba rẹ̀ gbé ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìdásílẹ̀ ni í ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹni tí ó bá kúrò nínú ogun. Òun ni agbanisíṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè. Oríkì ni ìwé náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ni í kọ ọ́, ẹni tí a kọ ọ́ fún kò sì lè dá a lóhùn.

Lóde òní, oríṣi márùn-ún ni ìwé yìí. Àkọ́kọ́ ni ti ọlọ́lá. Èkejì ni ti gbogboogbò, tí ó wà lábẹ́ ti ọlọ́lá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a sọ lórí rẹ̀ pé kì í ṣe ti ọlọ́lá. Ẹ̀kẹrin ni ti ìwà búburú, ẹ̀karùn-ún sì ni ti àbùkù. Méjì tí ó kẹ́yìn yìí, ilé ẹjọ́ ológun nìkan ni ó lè fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn ọ̀gá lè kọ wọ́n láìsí ìgbẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù. Nínú àlàfo tí ó wà láàárín ìjìyà àti ìgbẹ́jọ́ yìí ni ìtàn wa ti ṣẹ̀.

Òru Ọjọ́ Kan ní Brownsville

Brownsville jẹ́ ìlú kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Texas, létí odò tí ó pààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Ní ìparí oṣù Keje 1906, bàtálíọ̀n kìíní ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n dé sí bárékè Fort Brown ní ìlú náà. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo ọmọ ogun wọ̀nyí. Aláwọ̀ funfun ni àwọn ọ̀gá wọn. Àwọn ará ìlú kò fẹ́ wọn. Kò pẹ́ tí ìjà kéékèèké fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ láàárín wọn.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ ṣú mọ́ ti ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí agogo méjìlá òru, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín ìlú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkùnrin kan tí ó ń ta ọtí nílé ọtí ti kú, ọta sì ti bá ọ̀gá ọlọ́pàá kan débi pé a ní láti gé apá rẹ̀ kan. Lójú ẹsẹ̀ ni ìlú ti sọ pé àwọn ṣọ́jà dúdú ni. Ní bárékè, wọ́n pe orúkọ, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ ogun wà níbi tí ó yẹ kí wọ́n wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n yẹ ìbọn wọn wò, kò sí èyí tí ó dà bí ẹni pé a yìn ín lóru. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kó karahun ọta ìbọn ológun wá, wọ́n ní ojú títì ni àwọn ti ṣà á. Ẹ̀rí karahun yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà gùn lé.

Wọ́n mú ọmọ ogun 12. Ìgbìmọ̀ adájọ́ àwọn ará ìlú ní Texas yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò, kò sì rí ìdí tí yóò fi fi ẹ̀sùn kan ẹnìkẹ́ni nínú wọn. Ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí nìyí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gágun Garlington, tí í ṣe olùbẹ̀wò àgbà fún iṣẹ́ ológun, lọ bá wọn ní Fort Reno ní Oklahoma tí a ti kó wọn lọ. Ó ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tí ó yìnbọn, tàbí kí a lé gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ẹnìkankan. Àwọn ọ̀gá ní wọ́n ti mulẹ̀ pé àwọn kò ní sọ̀rọ̀ ni. Kò wá sí ọkàn wọn pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan kò ní ohun tí yóò sọ.

Ní oṣù Kọkànlá 1906, Ààrẹ Theodore Roosevelt pàṣẹ pé kí a lé ọmọ ogun 167 láìlọ́lá, kí wọ́n má ṣe padà sínú ogun láéláé, kí ìjọba má sì gbà wọ́n sí iṣẹ́ mìíràn kankan. A kò kéde àṣẹ yìí títí ìdìbò sí ilé aṣòfin fi kọjá. Booker T. Washington ti bẹ Ààrẹ ní ìkọ̀kọ̀, Ààrẹ kò gbọ́. Arábìnrin Mary Church Terrell lọ bá Taft, mínísítà ọ̀rọ̀ ogun, ìyẹn sì dá àṣẹ náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n Ààrẹ ní kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Yorùbá ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ti Brownsville, a kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá kí a tó dá a. Ẹ sì wo èyí: méjì nínú àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun, Penrose àti Macklin, dé iwájú ilé ẹjọ́ ológun lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. A gbọ́ tẹnu wọn, a sì dá wọn láre. Àwọn ọmọ ogun 167 kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Sájẹ́ńtì Sanders àti Ọmọkùnrin Willis

Nígbà tí a bá gbọ́ iye bí 167, ó rọrùn láti gbàgbé pé ènìyàn ni wọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú méjì wò nínú wọn, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan.

Mingo Sanders ni àgbà náà. Sájẹ́ńtì àgbà ni nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti lò ju ọdún 25 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ó ti jagun ní Kúbà ní 1898 àti ní Philippines, kò sì pẹ́ mọ́ tí ì bá fi máa gba owó ìfẹ̀yìntì. Àṣẹ Ààrẹ gba owó náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn kò gbà. Iṣẹ́ ológun nìkan ni ọkùnrin yìí kọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ìwé tí ì bá jẹ́rìí sí iṣẹ́ ọdún gbọọrọ yìí ni ó wá di ohun tí kò ṣe é fi han ènìyàn. Ní oṣù Kìíní 1907, Roosevelt yí apá kan àṣẹ rẹ̀ padà, ó ní ìjọba lè gbà wọ́n sí iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ológun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà “láìlọ́lá” kò kúrò lójú ìwé. Ẹyin lohùn.

Dorsie Willis ni ọ̀dọ́. Ẹni ogún ọdún ni nígbà tí ìbọn náà dún. Lẹ́yìn tí wọ́n lé e, ó rìn títí ó fi dé ìlú Minneapolis ní àríwá. Iṣẹ́ tí ó rí níbẹ̀ ni kí ó máa gbálẹ̀, kí ó sì máa nu bàtà fún àwọn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Iṣẹ́ yìí ni ó ṣe fún ọdún 59. N kò tàbùkù iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi òógùn ojú ṣe kò ní àbùkù. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé òun fúnra rẹ̀ gbà pé ìwé náà ni ó ti ilẹ̀kùn yòókù mọ́ òun. Ẹni tí ó bá sì jókòó sórí àga tí Willis ń nu bàtà rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ọkùnrin tí ó kúnlẹ̀ síwájú òun ti wọ aṣọ ogun Amẹ́ríkà rí.

Bí Ènìyàn Bá Ní Ọgbọ́n Lọ́wọ́ Ńkọ́?

Ẹnìkan lè sọ pé àìníwèé ni ó fa ìyà Willis, pé bí ó bá jẹ́ ọ̀mọ̀wé ni, ì bá rí iṣẹ́ gidi ṣe. Ìtàn fún wa ní ẹni tí a lè fi dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Henry Flipper ni orúkọ rẹ̀. Inú oko ẹrú ni a bí i sí ní ìpínlẹ̀ Georgia ní 1856. Ní 1877 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ológun West Point. Ní 1881, nígbà tí ó ń bójú tó oúnjẹ àti owó ní Fort Davis ní Texas, owó kan di àwátì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ológun dá a láre pé kò jí owó, ṣùgbọ́n ó ní ìwà tí kò yẹ ọ̀gá ológun ni ó hù. A lé e ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà 1882.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: Flipper kò dà bí àwọn ará Brownsville. Ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó sì jẹ̀bi irọ́ pípa. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn ti fi hàn pé ìyà náà ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ìyà yìí kò sì pa iṣẹ́ run lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó wà lórí ni a kò lè gbà. Ó di awọnlẹ̀ àti ẹnjiníà. Ó gbọ́ èdè Sípéènì débi pé ìjọba Amẹ́ríkà lò ó láti túmọ̀ òfin ilẹ̀ àwọn ará Sípéènì àti Mẹ́síkò. Ó ṣiṣẹ́ ní Mẹ́síkò, ó ṣiṣẹ́ ní Fẹnẹsúẹ́là, ó sì jẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní iléeṣẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní Washington ní 1921. Bí a bá fi ojú iṣẹ́ nìkan wò ó, a ó ní ayé yẹ ẹ́.

Síbẹ̀, láti 1898 ni Flipper ti ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin, kí wọ́n dá ipò rẹ̀ padà. Wọ́n kọ̀, ó tún lọ. Wọ́n tún kọ̀. Ní 1940 ó kú sí Atlanta láìrí ohun tí ó ń wá. Àbúrò rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ pé iṣẹ́ olóògbé ni ọ̀gá ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí ìjọba kọ̀ láti kọ ni ọmọ ìyá kọ.

Níhìn-ín ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé wà. Willis tí ó ń nu bàtà àti Flipper tí ó ń wọnlẹ̀ kò jọra nínú owó, nínú ìwé, tàbí nínú ipò. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń béèrè títí di ọjọ́ ogbó: kí a pa ọ̀rọ̀ tí ó wà lára ìwé wọn rẹ́. Iṣẹ́ lè bọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò lè tún orúkọ ṣe. Àwọn baba wa mọ èyí tí wọ́n fi ń sọ pé ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá da àrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Òwe náà le, ó tilẹ̀ níkà nínú. Ẹ wá fojú inú wo bí ó ti le tó fún ẹni tí kò jalè.

Ìwé Aláwọ̀ Aró

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ẹ jẹ́ kí a dé ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà náà, ìwé ìdásílẹ̀ kan wà tí a ń tẹ̀ sórí bébà aláwọ̀ búlúù, bí aró. Kò sọ pé ẹni náà ní ọlá, kò sì sọ pé ó ní àbùkù. Ọ̀gá lè fi lé ẹni tí a bá fura sí pé ó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀, ẹni tí a ní ìwà rẹ̀ kò bá iṣẹ́ mu, tàbí aláwọ̀ dúdú tí ó ń ṣàròyé nípa ìyàsọ́tọ̀. Láti oṣù Kejìlá 1941 títí di ìparí oṣù Kẹfà 1945, ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ fún ènìyàn 48,603 ní ìwé yìí. Aláwọ̀ dúdú ni 10,806 nínú wọn, èyí tí ó ju ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà lọ.

Ní 1944, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó fún ológun tí ó padà bọ̀ ní owó ilé ẹ̀kọ́, onígbọ̀wọ́ fún owó tí yóò fi kọ́lé, àti 20 dọ́là lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 52 bí kò bá tí ì ríṣẹ́. Òfin yìí ni ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tálákà di onílé àti ọ̀mọ̀wé. Àwọn tí a lé pẹ̀lú àbùkù nìkan ni ọ̀rọ̀ inú òfin náà yọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbé ìwé aláwọ̀ aró dé ibi tí a ti ń pín àǹfààní ni a lé padà lẹ́nu ọ̀nà. Agbanisíṣẹ́ náà a wo àwọ̀ ìwé, a sì sọ pé àyè kò sí. Ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú kan, Pittsburgh Courier, gbé ọ̀rọ̀ náà sójú táyé ní 1945. Ní 1946 ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé náà. Ní 1947 a pa á tì, a sì fi oríṣi méjì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọ̀ ni ó parẹ́; ìfura kò parẹ́. Títí di 1974 ni nọ́ńbà tí ó ń sọ ìdí tí a fi dá ènìyàn sílẹ̀ fi ń wà lára ìwé tí ológun yóò gbé lọ wáṣẹ́. Ẹni tí ó ni ín lè má mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà náà, kí agbanisíṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n.

Ìdáláre Tí Ó Pẹ́

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní Brownsville, ó lọ ju ọgọ́ta ọdún lọ. Sẹ́nétọ̀ Foraker ti ìpínlẹ̀ Ohio jà fún wọn nínú ilé aṣòfin láti 1907 sí 1908. Ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí karahun ọta wọ̀nyí jẹ́ èyí tí a ti yìn tẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn ní Nebraska. Ní 1910, ilé ẹjọ́ ìwádìí kan ní àwọn 14 nínú wọn lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sọ ìdí tí ó fi yan 14 náà, kò sì sọ ohun tí àwọn 153 yòókù ṣe.

Ní 1970, òǹkọ̀wé John Weaver tẹ ìwé kan jáde nípa ọ̀rọ̀ náà. Aṣòfin Augustus Hawkins kà á, ó sì gbé àbá lọ sílé aṣòfin. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án 1972, iṣẹ́ ológun yí ìwé gbogbo wọn padà sí ti ọlọ́lá, láìfi owó kankan tì í. Nínú àwọn tí kò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́, Dorsie Willis nìkan ni a rí láàyè. Ọjọ́ tí ó pé ẹni ọdún 87, ní oṣù Kejì 1973, ni a fún un ní ìwé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1974, ó gba 25,000 dọ́là. Ó kú ní 1977.

Ní ti Flipper, olùkọ́ kan ní Georgia pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Ní 1976, ọdún 36 lẹ́yìn ikú rẹ̀, a fún un ní ìwé ọlọ́lá. Ní 1999, Ààrẹ Clinton forí jì í. Ní 2024, Ààrẹ Biden forí ji àwọn ológun tí ilé ẹjọ́ ológun ti dá lẹ́bi láti 1951 nítorí pé wọ́n fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn, kí wọ́n lè tọrọ àtúnṣe sí ìwé wọn. Ọ̀nà tún wà fún ẹlòmíràn: ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga ológun kò bá lé lè gbé ìwé rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ àtúnyẹ̀wò láàárín ọdún 15. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ẹni tí a ṣẹ̀ ni yóò wá ẹ̀rí, ìgbìmọ̀ kò ní wá a wá.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni kí àwa ti ìhín rí kọ́ nínú ìtàn yìí? Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa rántí 1975, nígbà tí ìjọba ológun lé ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá òṣìṣẹ́ ìjọba lọ ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀. Nínú wọn ni àwọn tí ó jẹ̀bi wà. Nínú wọn náà ni àwọn tí rédíò ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ ara wọn wà. Àwa náà mọ bí ìwé kan ṣe lè sọ onílé di aláìnílé.

Èmi kò sọ pé kí iṣẹ́ ológun má lé ọ̀dájú. Ogun kò ṣeé jà láìsí ìbáwí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ tí í parí, owó ìtanràn ní iye, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kọ sára ìwé ènìyàn kò ní ọjọ́ tí yóò parí. Nítorí náà, ó yẹ kí ìgbẹ́jọ́ ṣáájú rẹ̀, kí ẹni tí a kọ ọ́ fún rí ìdí rẹ̀ kà, kí ọ̀nà àtúnṣe sì wà nígbà tí ẹni náà ṣì lágbára láti ṣiṣẹ́. Nínú àwọn 167, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ó pẹ́ tó láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìwé ọlá. Sájẹ́ńtì Sanders kò rí i. Àwọn yòókù kò rí i. Ìdáláre tí ó bá òkú nínú ibojì, àwọn ọmọ ni ó ń tù nínú.